Iye Òkúta Tí Ògiri Yóò Jẹ

Láti ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Ṣábẹ̀ẹ́,
bí o bá gbójú sókè, òkúta ni:
òkè dúdú tó jókòó gẹlẹtẹ bí àgbà tó yó,
ewúrẹ́ ń gùn ún, òjò ń fọ̀ ọ́ lójú.
Síbẹ̀ mo kó owó sápò, mo ń wá òkúta rà.
Àwọn ará Kútọnu tí mo sọ fún rẹ́rìn-ín títí:
“Ẹni tó ń gbé etí odò, ṣé ó ń ra omi ni?”
Wọn ò mọ̀ pé òkè kì í rìn wá sílé ẹni.
Òòlù ló ń mú un wá, àti kámíọ̀,
àti ẹ̀yìn obìnrin tó tẹ̀ ba sóòrùn
ní ẹsẹ̀ òkè, tó ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́.

Bíàú bíríkìlà dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì,
okùn lọ́rùn, pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí.
A na okùn láti ìdí máńgòrò dé ibi tí ilé Olúdé ti bẹ̀rẹ̀,
a yípo, a kó sínú ẹ̀gún, a jáde:
mítà méjìdínlógójì.
“Yọ mẹ́ta fún géètì,” ó ní, “afẹ́fẹ́ la máa kọ́ síbẹ̀.”
Gíga, mítà kan àbọ̀. Nínípọn, ogójì sẹ̀ǹtímítà.
Ó ṣírò rẹ̀ sára àpò símẹ́ńtì:
mọ́kànlélógún.
Mo ti ń ka owó.
“Dúró ná. O ò tíì ka ìpìlẹ̀.
Eyín ni ògiri;
èyí tó wà nínú erìgì ni kì í jẹ́ kó mì.”
Ó fi mẹ́wàá àbọ̀ lé e.

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí:
ẹni tó ra òkúta, ó ra afẹ́fẹ́ mọ́ ọn.
Òkúta kì í sùn ti ara wọn bí ewé ìwé.
Ìgbáròkó tibí ń ti ìgúnpá tọ̀hún,
àlàfo tó wà láàárín wọn, alángbá lè fi ṣe yàrá.
Abíálà onímọ́tò á kó o gègèrè,
á pè é ní mítà mẹ́fà,
ojú á rí mẹ́fà, ògiri á rí márùn-ún jẹ.
“Kámíọ̀ méje,” Bíàú ní.

Bàbá mi kọ́ ọ rí. Ojú ló fi wọ̀n ọ́n.
Kámíọ̀ méjì ló ní kí wọ́n já.
Ògiri dé orúnkún, owó tán,
òjò ọdún méjìlá rọ̀ lé e lórí.
Lọ́kọ̀ọ̀kan ni òkúta ń lọ: mẹ́ta di ààrò,
òmíràn ń ti ilẹ̀kùn ilé adìẹ,
ọ̀kan, mo mọ̀ ọ́n, ó ní ìlà funfun nínú,
wà níbi orí rẹ̀ báyìí, lẹ́yìn ilé. A ò kọ orúkọ sí i.
Bíàú bi mí bóyá kí òun kà á mọ́ ọn.
Mo ní rárá.

Ìyá mi ti wà níbẹ̀ látàárọ̀, ó ń bó ẹ̀pà.
“Mítà kan àbọ̀ yẹn, ibo ló ń dé?”
Bíàú gbé ọwọ́ dé èjìká ara rẹ̀.
Ìyá gbé àpótí rẹ̀ wá sẹ́bàá okùn, ó jókòó, ó wò ó.
“Bí Ìyá Olúdé bá ń ti oko bọ̀, báwo ni n ó ṣe mọ̀?
Ta ni n ó máa kí? Alángbá yín?”
Bíàú rẹ ọwọ́ sílẹ̀.
“Tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.”
Ó tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀,
títí ó fi dúró ní mítà kan géérégé,
níbi tí àgbọ̀n ìyá mi wà lórí ìjókòó.

Ó pa ìṣirò rẹ́, ó tún un ṣe.
Mẹ́rìnlá dípò mọ́kànlélógún. Ìpìlẹ̀ ò yí padà.
Kámíọ̀ márùn-ún.
Ó tì pẹ́ńsùlù bọ ẹ̀yìn etí, ó ń mi orí:
ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, kò tíì fi ìkíni wọn ògiri rí.

Lọ́jọ́ Ajé, Abíálà da àkọ́kọ́ sẹ́nu ọ̀nà.
Eruku bo ẹ̀pà, ajá sá.
Ìyá mi ṣa ọ̀kan láti àárín òkìtì,
ó gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́,
“Ẹ wá wò ó,” ó ní, “èyí ṣì tutù.”